Òrùka Dà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Kọ Ìtàn Ohun Ọ̀ṣọ́ Tó Sọnù fún Ọmọdé

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún ọmọdé ń bi mí lójoojúmọ́, pàápàá àwọn tó fẹ́ kí òrùka tàbí ẹ̀gbà ọrùn kan pòórá ní orí kìíní. Mo kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣíwájú, àwọn tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́? Ṣé owó ò lè sọnù ni?

Owó lè sọnù, àmọ́ owó ò ní àmì lára. Owó kan jọ èkejì, bí olè bá ti ná an, ó parí. Òrùka ìyá àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó ń wọ̀ ọ́, ó ní ọjọ́ tí wọ́n fún un, ó ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ nígbà tó ṣẹ́. Ọmọ tó ń kàwé á dá a mọ̀ bó bá tún fojú kàn án ní orí kẹsàn-án. Yàtọ̀ sí èyí, ó kéré. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè dì í mọ́wọ́, ó lè bọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, ó lè há sí abẹ́ àga. Ibi tí a ó ti wá a pọ̀ jaburata, síbẹ̀ inú ilé kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹni tó fi owó ṣe ìtàn tirẹ̀ gan-an ní láti wá àmì fún owó ọ̀hún. Nínú ìtàn tí Erich Kästner, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1929, wọ́n jí owó ọmọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ojú irin. Ohun tó fi hàn pé òun ló ni owó náà ni ihò píìnì: ọmọ náà ti fi píìnì gún un mọ́ inú àpò kó má baà sọnù. Ohun ọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ ti gbé àmì wá látilé.

Ọmọ ọdún mélòó ló wà fún, báwo ló sì ṣe yẹ kó gùn tó?

Fún ọmọ ọdún 6 sí 8, ọ̀rọ̀ 5,000 sí 10,000 ti tó, kí àwòrán sì bá a rìn. Fún ọmọ ọdún 8 sí 12, ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wà láàárín 25,000 sí 50,000. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń ṣe ìwádìí fi ọdún kan tàbí méjì ju òǹkàwé lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í fẹ́ tẹ̀ lé ọmọ ọdún méje lọ síbì kankan.

Òrùka, yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn: èwo ni kí n mú?

Ọ̀nà tí kálukú wọn máa ń gbà sọnù yàtọ̀ síra, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òrùka máa ń sọnù nítorí pé èèyàn máa ń bọ́ ọ: tó bá fẹ́ fọ nǹkan, tó bá fẹ́ pa ìpara. Ìka tún máa ń wú nínú ooru, ó sì máa ń fọn nínú òtútù. Òrùka tó le dandan lọ́sàn-án lè yọ́ bọ́ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Yẹtí ni èmi fẹ́ràn jù. Olè tó mọṣẹ́ kì í mú ẹyọ kan kó fi ẹyọ kan sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló sọnù, ọmọ tó bá ń ronú á ti máa fura pé ńṣe ló bọ́. Tí méjèèjì bá lọ, tí kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà níbi tó máa ń wà, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ẹ̀gbà ọrùn ló ní àmì lára jù. Tí ẹ̀wọ̀n bá já fúnra rẹ̀, ojú ẹ̀wọ̀n tó já á ti nà, á ti ṣí sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi ohun èlò gé, ẹnu rẹ̀ á mọ́ pẹrẹsẹ. Ti péálì tún wá dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sín péálì gidi máa ń ta kókó sáàárín hóró kan sí èkejì, tó bá já, hóró kan ló máa bọ́. Tí àǹtí kan bá ń sunkún pé péálì olówó iyebíye òun já, tí hóró rẹ̀ sì fọ́n ká gbogbo pálọ̀, ó yẹ kí ọmọ yín ti bèèrè nǹkan kan lọ́kàn ara rẹ̀.

Ṣé dandan ni kí n mọ̀ nípa góòlù, fàdákà àti òkúta iyebíye?

Dandan ni, torí àwọn ọmọ máa lọ dán an wò. Inú òrùka góòlù sábà máa ń ní òǹtẹ̀ kékeré: 750 túmọ̀ sí pé nínú ìdá 1,000, ìdá 750 jẹ́ góòlù, ìyẹn káràtì 18. 375 ni káràtì 9. 925 ni ti fàdákà. Nọ́ńbà yìí nìkan lè gbé odindi orí kan: ọmọ kan ka 925 nínú òrùka tí wọ́n ní góòlù ni, ó sì lọ́ra kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Òòfà kì í fa góòlù. Ẹ má wá fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé ohun kan jẹ́ góòlù o, torí kì í fa fàdákà tàbí idẹ náà. Ohun tí òòfà lè sọ ni pé ohun tó fà mọ́ ọn kì í ṣe ojúlówó góòlù. Níbẹ̀ gan-an, ẹ ṣọ́ra: ìkọ́ ẹ̀wọ̀n góòlù lè ní sípíríǹgì irin tín-ín-rín nínú. Ọmọ tó fi òòfà kan ìkọ́ nìkan á pariwo pé ayédèrú ni, á sì tàbùkù ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo fẹ́ràn àṣìṣe yẹn gan-an, torí ìmọ̀ àbọ̀ ló bí i.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nínú ìwé àfọwọ́kọ ni ti gíláàsì. Ọmọ á fi òkúta ha gíláàsì, ó ha, ó di dáyámọ́ńdì. Rárá. Lórí ìwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń mọ líle òkúta, dáyámọ́ńdì wà ní 10, gíláàsì wà ní nǹkan bíi 5.5, quartz tó kún inú yanrìn wà ní 7. Òkúta tí ẹ ṣà lójú ọ̀nà lè ha gíláàsì. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi òòlù dán dáyámọ́ńdì wò: kò sí ohun tó rọrùn láti fi ha á, àmọ́ ó lè là tí wọ́n bá lù ú níbi tó yẹ.

Fàdákà máa ń dúdú nítorí imí ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń gbà á ní àkókò. Òrùka fàdákà tí wọ́n ní àná ló kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀, tí wọ́n wá bá a nínú dúrọ́ọ̀ ní dúdú kirikiri, ẹnì kan ń parọ́ nípa ọjọ́.

Ṣé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọ́n jí i ni?

Kò pọn dandan, fún ọmọ kékeré pàápàá. Ẹnì kan lè mú un lọ tún ṣe ní bòókẹ́lẹ́, ìyá àgbà lè tọ́jú rẹ̀ síbi tó dára ju kó sì gbàgbé ibẹ̀, ọmọ ìkókó lè jù ú sínú bàtà.

Omi náà jẹ́ ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé. Ẹ wo abẹ́ síǹkì: páìpù ibẹ̀ máa ń tẹ̀ kọ́rọ́ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ kó tó bọ́ sínú ògiri. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kí omi lè dúró síbẹ̀ kó dí òórùn lọ́nà. Ohun tó bá wúwo, bí òrùka, sábà máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ kọ́rọ́ náà. Ọmọ tó mọ èyí kò nílò olè kankan. Kó gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, kó pe àgbàlagbà kan wá tú u.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹyẹ sílẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ló ní kí ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní magpie máa jí ohun tó ń dán, gbogbo ayé sì kó o lọ́wọ́ wọn. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Exeter dán an wò, àbájáde wọn sì jáde ní 2014: ńṣe ni àwọn ẹyẹ náà ń sá fún ohun tó ń dán. Ìparí olẹ́yẹ ti gbó ju aṣọ àkísà lọ, kì í tiẹ̀ í ṣe òótọ́.

Níbo ni kí n fi àmì sí tí ọmọ ò fi ní tètè rí i?

Síwájú rẹ̀ gbangba. Ní 1929, Ronald Knox, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì tó tún ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe òfin mẹ́wàá fún irú ìtàn yìí. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ohunkóhun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, òǹkàwé gbọ́dọ̀ rí i. Fún ọmọdé, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ yẹpẹrẹ mú òfin yẹn. Àgbàlagbà tí ẹ bá rẹ́ jẹ á rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ẹ bá rẹ́ jẹ kò ní ṣí ìwé yín mọ́ láé.

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí ohun mìíràn gba ojú òǹkàwé ní kété tí àmì bá ti kọjá. Ẹ wo èyí:

"Àǹtí gba ife gíláàsì lọ́wọ́ mi, òrùka wọn lù ú, ó dún kéń. Wọ́n ní, 'Ta ló tún da omi sílẹ̀ níbí?' Gbogbo wa fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ."

Omi tó dà sílẹ̀ ni ọmọ máa rántí, torí òun náà ti da omi sílẹ̀ rí. Ní orí keje, àǹtí yẹn á búra pé láti àárọ̀ lòun ò ti rí òrùka òun. Ìró "kéń" ti wà ní orí kejì, lọ́sàn-án gangan. Àwọn tó bá padà lọ wò ó á bá a níbẹ̀.

Àmì tó dára máa ń ní aago nínú. Nínú ìtàn dáyámọ́ńdì tí Wilkie Collins kọ ní 1868, àbààwọ́n kan wà lára ilẹ̀kùn tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì tutù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọlọ́pàá kan kà á sí ohun tí kò tó nǹkan. Èkejì bèèrè iye wákàtí tí ọ̀dà náà fi ń gbẹ, ó sì ti ibẹ̀ mọ àkókò tí aṣọ ẹnì kan fara kàn án.

Afurasí mélòó ni kó wà?

Mẹ́ta sí márùn-ún. Méjì kéré jù, mẹ́fà á mú kí ọmọ máa padà sẹ́yìn wò pé ta tún ni èyí. Kí kálukú ní àṣírí kan tí kì í ṣe olè: ọ̀kan ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan fọ́ àwo tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀, ọ̀kan ń kọ ewì ní ìkọ̀kọ̀. Àṣírí wọ̀nyẹn ló máa mú kí wọ́n ṣe bí olè. Àmì ẹ̀tàn tí kò ní ìdí tirẹ̀ kì í ṣe àmì ẹ̀tàn, irọ́ òǹkọ̀wé ni.

Ṣé àwọn ọmọ lè fi ìlà ọwọ́ mú olè?

Ó ṣòro. Ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ ò ní àyè tó lè gba ìlà ìka, ìka ará ilé sì ti kún ara àpótí tẹ́lẹ̀, torí pé inú ilé náà ni wọ́n ń gbé. Orí gíláàsì tàbí dígí, àtíkè àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lè gbé e jáde. Ẹ lò ó fún eré, ẹ má gbé ìdájọ́ lé e.

Báwo ni àwọn àgbà ò ṣe ní gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọmọ?

Ẹ fún ọmọ ní ohun tí àgbà ò ní. Ó kúrú, ó ń rí abẹ́ tábìlì. Kò sẹ́ni tó ń dá ọ̀rọ̀ dúró tó bá wọlé. Ó ní gbogbo ọ̀sán láti fi jókòó síbì kan. Ó sì lè bi èèyàn ní ìbéèrè tí àgbà á tijú àtibèèrè. Àwọn òbí tí wọ́n rán lọ sí ìrìn àjò kí ọmọ lè ráyè ti sú mi. Òbí lè wà nílé kó má gbà á gbọ́; ìyẹn dun ọmọ ju àìsí wọn lọ, ó sì máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Ṣé èdè Yorùbá gba irú ìtàn yìí? Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń kà á.

Ó gbà á ju Gẹ̀ẹ́sì lọ láwọn ibì kan, kì í sì í ṣe òní: láti 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti tẹ Àjà Ló Lẹrù jáde fún àwọn àgbà. Ẹ wo "ó". Ẹlẹ́rìí lè ní, "Mo rí i, ó sáré kọjá, ó di nǹkan mọ́wọ́," kó má tíì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "Ẹ̀gbọ́n mi ló wọ yàrá" náà kò sọ ọ́. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, òǹkọ̀wé ní láti sá kiri kó tó lè fi ìyẹn pa mọ́. Àwa kò sá fún ohunkóhun, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Wọ́n" tún wá lágbára jù. Ọmọ kékeré kan ní, "Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí àpótí." Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá olè méjì. Orí mẹ́ta kọjá kí ẹnì kan tó rántí pé ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé, àgbàlagbà kan ṣoṣo ló ń bọ̀wọ̀ fún. Ìdàkejì rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́: ẹni tó ní òun ò mọ ẹni tó wọlé, tó wá ṣèèṣì pè é ní "ó", ti jẹ́ ká mọ̀ pé kò kà á sí ẹ̀gbọ́n.

Àmì ohùn ńkọ́? Ẹnì kan kọ ìwé pélébé láìfi àmì sí i: "O wa ninu oko." Ṣé oko ni, àbí ọkọ̀? Ọmọ méjì lè forí lé oko pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì nígbà tí òrùka náà wà lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ lo irú èyí nínú ìwé kan o. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ó ti di àlọ́ àpamọ̀.

Wọ́n fẹ̀sùn kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìtàn mi. Ṣé kò ní wúwo jù fún ọmọdé?

Ìyẹn gan-an ni ìtàn náà. Òrùka kò ní ẹ̀mí. Ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ máa ṣí ojú ewé ni pé ẹnì kan ti jókòó sí kọ̀rọ̀, gbogbo ilé ń wò ó bí olè, ọmọ nìkan ló sì gbà pé kì í ṣe òun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ ohun tó ń jẹ́ "èmi kọ́" tí kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí i rí, bóyá lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé rí bí àwọn àgbà ṣe ronú. Wọ́n á ní ó wọ yàrá láàárọ̀, òrùka sọnù lọ́sàn-án, kí ló tún kù? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Iṣẹ́ ọmọ tó ń ṣe ìwádìí ni kó bèèrè ẹni mìíràn tó wọ yàrá náà, àti bóyá òrùka náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ jáde. Kí ẹ má sì máa fi òṣìṣẹ́ inú ilé ṣe ẹni tí wọ́n ń fura sí ní gbogbo ìgbà. Tó bá jẹ́ òun lẹ ó lò, ẹ fún un ní orúkọ, ẹ fún un ní ẹnu, ẹ jẹ́ kó bínú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ ti ń já mi kulẹ̀ ni àforíjì. Òrùka jáde, gbogbo ilé ń jó, ẹni tí wọ́n pè lólè náà ń bá wọn jó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ gbangba ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án, gbangba ni kí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́. Kó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti má dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo rí ìwé kan tí ọmọbìnrin tí wọ́n fura sí kàn gba òrùka náà, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ kà á dáadáa, kó pé," ó sì jáde. Mi ò tíì gbàgbé gbólóhùn yẹn.

Ọmọ kan ka ìwé mi, ó sì mọ olè náà ní orí kẹta. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ẹ bi í léèrè bóun ṣe mọ̀ ọ́n. Tó bá ní, "Torí ojú rẹ̀ burú," ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹ ti ya olè bí olè. Tó bá ní, "Torí òrùka dún lára ife," ẹ yọ̀. Èmi náà ti fún ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní ìtàn tí mo rò pé mo dì pa, orí kẹta kò tíì tán tó ti gbé ìka lé ìlà kan tó ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ èyí síbí?" Ojú tì mí. Àmọ́ kò gbé ìwé náà sílẹ̀. Ó mọ ẹni tó mú un, kò mọ ìdí tó fi mú un. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ohun tó sì jókòó kà títí alẹ́ fi lẹ́ nìyẹn.

Olè náà jẹ́ ẹbí, tàbí ọmọdé bíi tiwọn. Kí ni kí n ṣe fún un?

Ẹ má fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kí ìwé lè tètè parí, ẹ má sì dárí jì í kí ẹ lè tètè sùn. Ọmọ máa ń fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ta ló bá a jẹun? Ta ló ṣì jẹ́ kó wọ yàrá òun? Tó bá jẹ́ pé àǹtí ló fi òrùka náà pa mọ́ nítorí gbèsè, ẹ sọ̀rọ̀ nípa gbèsè náà ní gbólóhùn tó ṣe kedere sí ọmọ. Ìdí tó bá yé e kò ní jẹ́ kó máa ronú pé ẹni ibi ni olè náà, síbẹ̀ á gbà pé ohun tó ṣe kò dára.

Ṣé wọ́n gbọ́dọ̀ rí i ní ìparí? Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ayédèrú ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ayédèrú ṣòro fún ọmọdé. Tí ẹ bá sọ fún un ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn pé gíláàsì lásán ni gbogbo rẹ̀, ohun tó gbọ́ ni pé ẹkún tó sun pẹ̀lú ìyá àgbà kò já mọ́ nǹkan. Tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kó mọ̀ nígbà tí ìwé bá dé àárín, kí ìyá àgbà sì ti mọ̀ tipẹ́, kó ṣì máa fẹ́ òrùka náà padà. Ìgbà yẹn ni wíwá a wá le sí i.

Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i. Mo gbà pé nínú ayé gidi kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, àmọ́ ọmọ tó fi ojú ewé 150 wá nǹkan yẹ kó rí i kó tó lọ sùn. Ó lè ti ha, òkúta rẹ̀ kan lè ti bọ́, ó lè má gba ìka olówó rẹ̀ mọ́. Kí ẹnì kan ṣáà wọ̀ ọ́, kí ọmọ náà sì gbọ́ ọ nígbà tó bá lu ife.